Odò ẹ̀yìnkùlé tó ń wọlé: kí lánlọ́ọ̀dù tó pe katapílà

Alága ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù kan ní apá ọ̀nà Ìkìrun, ní Òṣogbo, ló kọ̀wé sí mi pé: "Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Odò kékeré kan ló gba ẹ̀yìn àdúgbò wa kọjá. Nígbà tí a ń kọ́lé síbẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ọmọdé ń fò ó kọjá ni. Láti bí ọdún mélòó kan báyìí, kò sí ìgbà òjò tí kì í wọlé. A ti ń dáwó jọ láti fi gba katapílà kó gbẹ́ odò náà fẹ̀, kí a wá fi kọnkéré mọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Àwọn kan nínú wa ní ká má náwó wa, pé iṣẹ́ ìjọba ni. Àwọn mìíràn ní àwọn tó ń dalẹ̀ sódò ló fà á, ká kàn kó ìdọ̀tí kúrò, ó parí. Èwo ni ká ṣe nínú rẹ̀? Àyálégbé kan tún wà nínú ilé tó sún mọ́ odò jù, òun àti ọmọ kéékèèké mẹ́ta. Ṣé kó kó jáde ni?"

Alága, ẹ kú ìdààmú omi. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn ju odò lọ. Owó àwọn èèyàn wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ná an síbi tí kò yẹ, yín ni wọ́n máa bú. Bí ẹ kò bá ná an, tí omi tún wọlé lọ́dún yìí, yín náà ni wọ́n máa bú. Kí n sọ ojú abẹ níkòó: ẹ má tíì pe katapílà. Gbígbẹ́ odò ní ìgbà tirẹ̀, a ó dé ibẹ̀. Àmọ́ ibi tí omi ti ń wọlé àti ibi tí ohun tó ń dá a dúró wà kì í sábà jẹ́ ojú kan náà. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ yìí ni pé onílé kì í gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ ló ti máa ń bá àgbàrá jà, nígbà tí ìjà náà wà ní ìsàlẹ̀ odò, ní àdúgbò ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí palẹ̀. Àwọn tó ní òun ló fà á kò purọ́, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ike ń dí ojú omi. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni, ọdún tí ẹ bá kó odò mọ́ kí òjò tó dé, omi kò yẹ kó wọlé rárá. Ẹ bi ara yín bóyá bẹ́ẹ̀ ló ń rí. Ohun tó yí padà jù láti ìgbà tí ọmọdé ti ń fo odò yín ni ilẹ̀ tó wà lókè yín. Igbó, oko ẹ̀gẹ́ àti àkùrọ̀ ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Òjò á rọ̀, ewé á gba díẹ̀, ilẹ̀ á mu púpọ̀, èyí tó kù á máa fà jẹ́jẹ́ wọ odò, òmíràn kò ní í dé títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Lónìí, páànù ló bo gbogbo ibẹ̀. Inú ọgbà ti di íńtálọ́ọ̀kì, títì ti di ọ̀dà, gọ́tà tí gbogbo wa fi ìdùnnú gbà nígbà tí wọ́n ṣe é sì ń kó omi náà lọ sódò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òjò lè má pọ̀ ju ti àná lọ, síbẹ̀ omi tó ń dé ọ̀dọ̀ yín pọ̀ ju ti àná lọ, ó sì ń yára dé.

Ìṣirò kan wà tí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ omi máa ń lò fún odò kéékèèké bí irú tiyín. Mìlímítà òjò kan, lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan, lítà omi kan ni. Ká ní ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wá bá yín tó hẹ́kítà 100, kí òjò ńlá kan sì máa rọ̀ ní ìwọ̀n 80 mìlímítà ní wákàtí kan. Bí igbó bá ni, tó jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń ṣàn, odò yín á máa gbé nǹkan bí lítà 5,600 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ilé bá ti kún ibẹ̀, tí ìdá méje nínú mẹ́wàá ń ṣàn, ó di nǹkan bí 15,600. Òjò kan náà, odò kan náà. Mo kàn fi hẹ́kítà 100 ṣe àpẹẹrẹ ni o. Tiyín lè kéré sí i, ó sì lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, n kò tíì fẹsẹ̀ mi rìn ín. Ìṣirò yìí fúnra rẹ̀ kò péye dé ìdí, torí ó gbà pé òjò ń rọ̀ bákan náà lórí gbogbo ilẹ̀. Àmọ́ bí ó bá ṣì ẹsẹ̀, kò lè ṣì í débi tí ìlọ́po mẹ́ta yóò fi di ọ̀kan.

Ẹ wá gbé omi yẹn dé ẹnu kọ́fáàtì, ihò tó ń gbà kọjá lábẹ́ títì. Kọ́fáàtì onígun mẹ́rin tó fẹ̀ ní mítà méjì, tó ga ní mítà kan àti ààbọ̀, bí omi bá ń sáré mítà méjì ní ìṣẹ́jú àáyá nínú rẹ̀, lítà 6,000 ló lè gbà kọjá. Ó tó fún ayé ìgbà igbó. Fún omi tó ń bọ̀ báyìí, kò tó ìdajì. Ríǹgì kọnkéré méjì tí ẹnu wọn fẹ̀ ní 90 sẹ̀ǹtímítà, irú èyí tí àwọn lánlọ́ọ̀dù máa ń rì sójú odò kí mọ́tò wọn lè rékọjá, lítà 2,500 ni àwọn méjèèjì lè gbé papọ̀ bí omi bá ń sá eré kan náà, ìyẹn bí wọ́n bá mọ́ tónítóní. Omi tí kò bá ráyè kọjá á padà sẹ́yìn, á máa kún títí yóò fi dé ojú fèrèsé ẹni tó wà lókè kọ́fáàtì náà.

Mo ti dúró sẹ́nu irú kọ́fáàtì bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì òjò ńlá. Mátíràsì kan ti há sójú ríǹgì kìíní, igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì dábùú rẹ̀, ọ̀rá wá di gbogbo àlàfo tó kù pa. Yanrìn ti ga dé orókùn níwájú rẹ̀. Lódì kejì, omi tó fo títì kọjá ti gbẹ́ kòtò sábẹ́ ọ̀dà, ọ̀dà wá dúró lókè láìsí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo wọ ilé tó wà lókè kọ́fáàtì: àmì ẹrẹ̀ lára ògiri ga ju ìjókòó àga lọ, fìríìjì dojú bolẹ̀. Mo wọ ilé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ tiẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti tòkè lọ: ẹní tó wà nílẹ̀ pálọ̀ kò tutù. Ẹni tó bá rí ilé méjèèjì kò nílò kí ẹnjiníà kankan ṣàlàyé fún un mọ́. Onílé òkè yìí náà ló sì ń wá owó katapílà láti gbẹ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Ohun kejì wà tí àwọn aládùúgbò kì í sábà rò. Àwọn odò kéékèèké inú Òṣogbo, títí kan Gbódòfọn, Ọ̀ṣun ni wọ́n ń lọ bá. Òjò ilẹ̀ wa máa ń ga lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù kẹfà sí ìkeje, àti ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, kó sinmi díẹ̀ láàárín. Nígbà tí yóò fi di ìgbà kejì yẹn, Ọ̀ṣun ti gba omi láti orísun rẹ̀ ní Ìgèdè-Èkìtì gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá, ó ti kún dẹ́nu. Bí ojú omi rẹ̀ bá ti ga ju ẹnu ibi tí odò kékeré ti ń já sí i, omi odò kékeré kò ríbi wọ̀, á máa ti ara rẹ̀ padà wá sílé. Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ rèé: bí omi bá dé láàárín wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn tí òjò bẹ̀rẹ̀, tó ń sáré, tó sì fà kó tó di ọjọ́ kejì, àgbàrá àdúgbò yín àti kọ́fáàtì ni. Bí ó bá ń gòkè jẹ́jẹ́ tó sì jókòó tì yín fún ọjọ́ kan tàbí méjì láìsáré, Ọ̀ṣun ló ń tì í padà. Ti àkọ́kọ́ ṣeé tún ṣe láàárín àdúgbò àti ìjọba ìbílẹ̀. Ti èkejì kò ṣeé fi kọ́fáàtì tàbí katapílà yanjú. Yálà kí ilé gòkè, tàbí kó kúrò. Bí lẹ́tà yín ṣe lọ, tí omi yín bẹ̀rẹ̀ sí wọlé nígbà tí ilé ń pọ̀ sí i, mo fura sí ti àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ katapílà wá kàn báyìí. Ká ní wọ́n gbẹ́ odò yín fẹ̀ ní ìlọ́po méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò dé òpin rẹ̀, tí kọ́fáàtì ìsàlẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Ẹ ti ṣe àwo tó tóbi, ẹ kò fẹ ihò ìdí rẹ̀. Omi á ṣì kún. Bóyá ó máa pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó wọlé, ìyẹn nìkan ni. Lẹ́yìn náà, odò tí a gbẹ́ fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, omi tín-ín-rín ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò lágbára láti ti yanrìn inú rẹ̀, yanrìn á jókòó, koríko á hù lé e, kó sì tó tó ìgbà òjò mélòó kan ẹ ó tún máa wá owó katapílà mìíràn. Bí ẹni tó ń wà á bá gé etí odò náà ní títọ́ bí ògiri, ẹ ó rí fẹ́ǹsì tó máa wọ inú odò. Yẹ̀pẹ̀ tó bá kó jáde sí etí odò ńkọ́? Òjò àkọ́kọ́ á dá a padà. Mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ rántí pé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, Ọ̀ṣun gba inú igbó tí UNESCO fi sínú àwọn ohun ìní àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ọ̀ṣun ti ru ẹrẹ̀ tó láti ọwọ́ àwọn awakùsà òkè odò. Kò yẹ ká tún fi ti àdúgbò kún un.

Kọnkéré ní tirẹ̀ ní ibi tó ti wúlò. Ibi tí ilé ti há odò mọ́ lọ́tùn-ún lósì, tí kò sí àyè fún etí odò láti rọra dagẹ̀rẹ̀, kọnkéré ló kù. Igun tí omi ti ń jẹ ilẹ̀, èmi á fẹ́ gábíọ́nù níbẹ̀, àgò wáyà tí a kó òkúta sí, torí omi tó wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ń rí àárín òkúta gbà jáde. Ògiri kọnkéré tí bíríkìlà kò dá ihò sí lára, omi inú ilẹ̀ yẹn náà ló máa ń tì í wó. Ṣùgbọ́n kí ẹ fi kọnkéré mọ odò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú omi sáré, ó ń já a lé àwọn tó wà nísàlẹ̀ yín lórí kí wọ́n tó mọ̀. Ní Singapore, wọ́n hú irú ojú omi kọnkéré bẹ́ẹ̀, tó gùn tó kìlómítà 2.7, kúrò nínú ọgbà ìgbafẹ́ Bishan. Nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́ náà ní 2012, odò ti padà di èyí tó ń lọ́ kiri láàárín koríko, pẹ̀lú pápá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí omi lè tàn sí nígbà òjò. Wọ́n lówó jù wá lọ, ilẹ̀ ìjọba sì ni. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí níbẹ̀ ni pé àwọn tó ti ṣe kọnkéré dé òpin ló ń wá àyè fún omi padà.

Àkọ́kọ́ ohun tí ẹ óò ṣe kò gbówó. Ẹ yan èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹsẹ̀ wọn yá, kẹ́ ẹ wọ bàtà òjò, kẹ́ ẹ rin odò náà láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó ti pàdé odò ńlá. Gbogbo kọ́fáàtì, ríǹgì, afárá onípákó àti páìpù tó dábùú odò, ẹ wọn fífẹ̀ àti gíga ihò rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ orúkọ ojúlé tó wà nítòsí. Ẹ wo ara fẹ́ǹsì àti ẹ̀ka igi: ọ̀rá tó so kọ́ síbẹ̀ ń sọ ibi tí omi ga dé. Ẹ fi ọ̀dà pupa fa ìlà síbẹ̀ kí ó tó parẹ́, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀. Ẹ gba fídíò àti fọ́tò lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, fóònù wọn ń fi ọjọ́ àti aago pamọ́, ẹ̀rí ńlá ni ìyẹn. Bí ẹ bá rí agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, ẹ gbé e síta níbi tí igi tàbí òrùlé kò bò, kí ẹnì kan máa fi rúlà wọn omi inú rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo òjò. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ ó rí i pé ibi méjì tàbí mẹ́ta péré ni ojú omi ti há gan-an, àti pé ọ̀kan nínú wọn lè jẹ́ ríǹgì tí ọmọ ẹgbẹ́ yín fúnra rẹ̀ rì sínú odò. Ẹ múra sílẹ̀ fún ìpàdé ọjọ́ yẹn.

Àwọn tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò gbọ́dọ̀ wà níbi ìpàdé náà. Iṣẹ́ odò máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè ni: kọ́fáàtì ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fẹ̀, kẹ́ ẹ tó ṣe ti òkè rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ti òkè ṣáájú, omi tí kọ́fáàtì yín ti ń dá dúró tẹ́lẹ̀ á já lé wọn lórí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti di ti kóòtù láàárín àdúgbò méjì tí wọ́n ti jọ ń lọ sí mọ́ṣáláṣí kan náà láti ọjọ́ pípẹ́.

Bí ẹ bá wá dé ọ̀dọ̀ ẹnjiníà, yóò bi yín pé òjò ọdún mélòó lẹ fẹ́ kọ́ ọ fún. Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́. Òjò ọdún 25 kò túmọ̀ sí pé bó bá rọ̀ lónìí, ó di ọdún 25 kó tó tún rọ̀. Ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni àǹfààní pé kó rọ̀ lọ́dún kọ̀ọ̀kan, ó sì lè rọ̀ lọ́dún méjì léra. Láàárín ọdún 25 gan-an, àǹfààní pé ẹ ó rí i ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan jẹ́ nǹkan bí 64 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, bí kọ́fáàtì tuntun bá kún lọ́jọ́ kan, ẹ má tètè sọ pé kọngílá ti jẹ owó. Fún ọ̀nà inú àdúgbò, èmi á gbà kí wọ́n kọ́ ọ fún òjò ọdún 25. Fún títì ńlá tí áńbúláǹsì ń gbà, ó yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí iṣẹ́ tí òjò kan kò ní í kọjá rẹ̀. Ohun tí ẹnjiníà rere máa ń ṣe ni pé kó pinnu ṣáájú ibi tí omi yóò gbà lọ́jọ́ tó bá kọjá rẹ̀, kó má jẹ́ inú yàrá ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ilé kọ̀ọ̀kan máa gba omi òrùlé rẹ̀ sínú tánkì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún omi fífọ aṣọ. Fún omíyalé, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òrùlé tó gùn ní mítà 12 tó fẹ̀ ní mítà 10, òjò 60 mìlímítà á da lítà 7,200 sílẹ̀ láti orí rẹ̀. Tánkì lítà 1,000 á ti kún kí òjò tó rọ̀ tó mìlímítà mẹ́sàn-án. Bí ilé 200 bá tiẹ̀ ní irú tánkì bẹ́ẹ̀, tó ṣófo lọ́jọ́ náà, gbogbo ohun tí wọ́n gbà dúró kò ju omi ìṣẹ́jú àáyá 13 lọ nínú odò tó ń gbé lítà 15,600. Ẹ wá wo pápá tó tó hẹ́kítà kan tí a gbẹ́ lọ sílẹ̀ ní mítà kan lókè odò: lítà mílíọ̀nù mẹ́wàá ló ń gbà dúró, ó ju omi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nígbà tí odò bá ga jù. Ṣóńṣó ìkún odò kékeré kì í pẹ́; bí ẹ bá gé orí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín omi tó dúró sí ẹnu ọ̀nà àti èyí tó wọ yàrá. Pápá náà lè jẹ́ ti ilé ìwé, kí àwọn ọmọ máa gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ nígbà tó bá gbẹ. Ìṣòro tirẹ̀ wà: ó ń fẹ́ kí ẹnì kan máa kó yanrìn inú rẹ̀, kí ọmọdé má wọ̀ ọ́ nígbà òjò, kí ẹnikẹ́ni má sì gé e tà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló nira jù ní ìlú wa. Bí àkùrọ̀ kan bá ṣì kù lókè yín tí wọn kò tíì da yẹ̀pẹ̀ sí láti gé ní púlọ́ọ̀tì, òun ni pápá yín, kò sì sẹ́ni tó máa gbẹ́ ẹ. Ẹ lọ bá mọ̀lẹ́bí tó ni ín kí wọ́n tó gbé sọ̀fíyọ̀ wọ̀ ọ́. Bí mo bá ní owó tó wà lọ́wọ́ yín, ibẹ̀ ni ǹ bá kọ́kọ́ dúró.

Ilé tó ti wà létí odò ńkọ́? Mo mọ̀ pé ibi tó ń dùn yín nìyí, ẹ sì rọra fò ó nínú lẹ́tà yín. Ìtàn ìlú Òṣogbo ní Yèyé Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ló ní kí Láròóyè, ẹni tó tẹ ìlú náà dó, kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò létí omi gòkè sí ibi tí ìlú wà lónìí. Àwa la ń ta etí omi fún ara wa. Òfin ètò ìlú ní ìwọ̀n àyè tó yẹ kí ilé fi sílẹ̀ fún odò, ẹ lọ béèrè rẹ̀ ní ọ́fíìsì ètò ìlú kí ẹ tó gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ilé tó ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé tó péye lè béèrè owó gbà-má-bínú bí ìjọba bá fẹ́ wó o. Ẹni tí kò níwèé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀. N kò ní tan yín: bí àyè odò kò bá gbòòrò tó ní ojú kan, àfi kí ilé kan tàbí méjì kúrò kí ogójì lè gbẹ. Ó dára kó jẹ́ pé àdúgbò ló jókòó bá àwọn onílé wọ̀nyí ṣáájú, ju kí wọ́n jí lọ́jọ́ kan rí àmì X lára ògiri wọn.

Lórí pé iṣẹ́ ta ni, òótọ́ wà lẹ́nu àwọn tó ní ti ìjọba ni. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fi gọ́tà, ọ̀nà inú ìlú àti kíkó ìdọ̀tí sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, Òṣogbo sì pín sí ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo àti Ọlọ́rundá, ẹ rí i dájú pé èyí tó ni yín lẹ kọ̀wé sí. Kọ́fáàtì abẹ́ títì ńlá di ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀. Owó Ecological Fund, àpò owó ìjọba fún ìṣòro àyíká, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981 wà fún irú nǹkan báyìí, ṣùgbọ́n nípasẹ̀ ìjọba ni wọ́n ń gbà á, ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù kò lè lọ gbà á fúnra rẹ̀. Ìbàdàn ni kẹ́ ẹ wò. Odò Ògùnpa pa èèyàn púpọ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, omi tún dé ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ó wó afárá káàkiri. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba Ọ̀yọ́ rí owó yá láti Báńkì Àgbáyé ní 2014, mílíọ̀nù 200 dọ́là, tí wọ́n sì fi apá kan rẹ̀ ṣe ètò fún odò gbogbo ìlú lápapọ̀. Kò yẹ kí Òṣogbo dúró de òkú kó tó ṣe tirẹ̀. Àmọ́ ìwé ẹ̀bẹ̀ tó kàn sọ pé "omi ń yọ wá lẹ́nu" á sùn sínú fáìlì. Èyí tó ní fọ́tò, ìwọ̀n ihò kọ́fáàtì, àmì omi, ọjọ́ rẹ̀, àti ìbuwọ́lùwé àdúgbò òkè àti ti ìsàlẹ̀, ó ṣòro fún òṣìṣẹ́ láti sọ pé òun kò rí i.

Owó tí ẹ ti dá, ẹ má fi rọ kọnkéré. Ẹ fi gba sọ̀fíyọ̀ tó máa wọn gíga ilẹ̀ àti ìsàlẹ̀ odò láti òkè dé ìsàlẹ̀, torí kò sí ẹnjiníà tó lè ṣe ohunkóhun láìsí ìyẹn, ìjọba gan-an á dúpẹ́ pé ẹ ti ṣe é. Ẹ fi èyí tó kù sanwó fún àwọn tó máa kó ìdọ̀tí ẹnu kọ́fáàtì ní oṣù kẹta, kí wọ́n tún kó o ní ìparí oṣù kẹjọ kí òjò kejì tó dé. Bí ríǹgì ọmọ ẹgbẹ́ kan bá wà lójú odò, ẹ fi ràn án lọ́wọ́ láti yọ ọ́, kẹ́ ẹ ṣe afárá tó ga kọjá àmì omi rọ́pò rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní àsẹ́ irin tí wọ́n fi ń dí ẹnu kọ́fáàtì mọ́ ìdọ̀tí, àyàfi bí ẹ bá ní ẹni tó máa wà nídìí rẹ̀ nínú òjò lóru. Bí ọ̀rá bá ti bò ó, ó di ògiri. Iṣẹ́ inú odò, oṣù Kejìlá sí oṣù kẹta ni kẹ́ ẹ fi sí, nígbà tí omi ti fà.

Ní ti ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta yẹn, bí àmì omi ọdún tó kọjá bá ti kọjá orókùn nínú yàrá rẹ̀, kó wá ilé mìíràn kí oṣù kẹfà tó dé, kí ẹgbẹ́ sì bá a bẹ onílé rẹ̀ dá owó ilé tó kù padà. Bí kò bá ríbi lọ kíákíá, kí ó mọ ilé tí òun àti àwọn ọmọ yóò sá lọ bí òjò bá le lóru, kó má jẹ́ òdìkejì odò. Kí ó pa iná mànàmáná láti ibi mítà rẹ̀ bí omi bá ti dé ẹnu ọ̀nà tí ilẹ̀ tó dúró sí ṣì gbẹ. Bí omi bá ti wọlé, kó má fọwọ́ kàn án mọ́. Kó má gbé ọmọ sẹ́yìn la omi tó ń sáré kọjá, bó ti wù kó rí lójú. Omi tí kò tíì dé orókùn lè gbé àgbàlagbà ṣubú, èyí tó bá sì tó 60 sẹ̀ǹtímítà ń gbé mọ́tò. Kí ẹ yan ọ̀dọ́ méjì tí yóò máa wo àmì pupa lára kọ́fáàtì nígbà òjò òru, kí wọ́n ní fèrè lọ́wọ́, kí ilé rẹ̀ sì jẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa kàn.